Àgò Onílé: Ìtàn Ìpolówó Ayọjúràn àti Ààbò Kọ̀ǹpútà Inú Ilé

Nígbà tí mo sọ orí-ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀rẹ́ mi kan, ó bi mí léèrè pé kí ni ti òpìtàn nínú ọ̀ràn kọ̀ǹpútà. Ó ní iṣẹ́ àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ni. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ náà, ọ̀ràn ìtàn gan-an ni, ilé wa ní Ìbefún ni ó sì ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, bẹ̀rẹ̀ sí kó ìtàn àwọn agbolé Ìbefún jọ ní nǹkan bí ọdún 1981. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn láti ilé àgbà kan dé ilé àgbà mìíràn lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú bírò kan àti ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi ń kọ iṣẹ́. Nígbà tí ọmọ wọn ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ fún wọn ní ọdún 2008, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ gbogbo ohun tí wọ́n kó jọ sínú rẹ̀, díẹ̀ díẹ̀, nígbà tí iná bá wà. Ìwé tí wọ́n bá ti tẹ̀ tán, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ́jú rẹ̀ mọ́. Ikán jẹ òmíràn, òjò sì pa òmíràn.

Ní ọjọ́ kan ní ọdún 2016, bí wọ́n ti ń ka ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fèrèsé kékeré kan yọ lójú kọ̀ǹpútà náà. Ó ní kọ̀ǹpútà wọn ti kó àrùn mẹ́tàdínlógún, kí wọ́n tètè tẹ ibi kan kí òun lè wò ó sàn. Bí wọ́n ti ń pa á ni òmíràn ń yọ. Nígbà tí ó sú wọn, wọ́n tẹ ibi tí ó ní kí wọ́n tẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ìwé kan nínú kọ̀ǹpútà náà tí ó ṣeé ṣí mọ́, àfi èyí tí ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a gbé e lọ fún láti tún un ṣe sọ fún wọn pé, “Bàbá, ẹ má bínú, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i ju kí n nù ún nù pátápátá.” Ó sì nù ún nù. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí ó di ọjọ́ kẹta ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí mo mú wá síwájú yín lónìí: “Ta ni ó ṣílẹ̀kùn fún un?”

Bí àṣà wa ti rí ni ó jẹ́ kí ìbéèrè náà rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ilé onílé a kọ́kọ́ ké àgò. Bí onílé bá dáhùn pé àgò yà, àlejò a wọlé. Bí kò bá dáhùn, àlejò a dúró níta tàbí kí ó padà síbi tí ó ti wá. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n òfin ńlá ni, nítorí ó fi hàn gbangba pé onílé ni ó ni ìlẹ̀kùn. Àwọn olùpolówó ọjà pàápàá mọ òfin yìí. Obìnrin tí ó ń kiri ẹ̀kọ tàbí mọ́ínmọ́ín ní òwúrọ̀, ohùn rẹ̀ lè wọ yàrá kí ó jí wa lójú oorun, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́ bí a kò bá pè é. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ wa ti fi ìpolówó ọjà sí ara ewì alohùn, wọn kò sì ṣìṣe, nítorí ohun dídùn ni nígbà tí ó bá wà ní ààyè rẹ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìpolówó ni mo wá bá jà. Ìpolówó tí kò ké àgò ni mo ní lọ́kàn. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní pop-up. Èmi yóò máa pè é ní ìpolówó ayọjúràn, nítorí ayọjúràn ni a ń pe ẹni tí ó bá ki ẹnu bọ ọ̀ràn tí a kò pè é sí.

Bí ilé ti ní ìlẹ̀kùn ni ìlú ní bodè. Oníbodè jókòó síbẹ̀, ó ń wo ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde, ó sì ń gba owó-bodè. Kò sí ìlú Yorùbá tí kò mọ èyí, ṣùgbọ́n àwọn Ìjẹ̀bú ka ọ̀ràn bodè sí ju bí ọ̀pọ̀ ti kà á sí lọ. Ẹ wo Erédò Súngbọ́, odi àti yàrà tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó nǹkan bí mítà 20. P. C. Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1959, Patrick Darling sì rìn ín, ó wọ̀n ọ́n, ó sì jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ìwádìí fi hàn pé ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Orúkọ Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin ọlọ́lá tí wọ́n ń bọlá fún ibojì rẹ̀ ní Òkè-Ẹ̀rí, ni wọ́n fi ń pè é títí di òní. Ní tèmi, odi tí ó gùn tó báyìí kò ṣeé fi ọmọ ogun ṣọ́ tọ̀sán tòru. Ààlà ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Ó ń sọ fún àjèjì pé níhìn-ín ni ilé ti bẹ̀rẹ̀, kí ó dúró kí ó ké àgò.

Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọgbọ́n tí àwọn Ìjẹ̀bú ń lò ni pé kí òwò máa lọ, ṣùgbọ́n kí àjèjì má ṣe gba àárín ilé kọjá. Àwọn oníṣòwò Ìbàdàn a bá wọn pàdé ní ọjà Òrù, àwọn ará Èkó a sì bá wọn pàdé ní ọjà Ejìnrìn létí ọ̀sà. Àwọn Ìjẹ̀bú ni yóò gbé ẹrù láti ọ̀dọ̀ ẹnì kìíní dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, àwọn ni yóò sì jẹ èrè àárín. Èyí kò dùn mọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1891, Denton, tí ó ń dele fún Gómìnà, lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú ọmọ ogun láti sọ pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà. Awùjalẹ̀ Túnwàṣe àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kò gbà. Ní oṣù kìíní ọdún 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú gbà ní Èkó pé ọ̀nà yóò ṣí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ṣèlérí £500 lọ́dọọdún dípò owó-bodè tí yóò bọ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí wọ́n dá òjíṣẹ́ ìjọ Kírísítì kan padà tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ náà kọjá, ìyẹn sì tó fún Gómìnà Carter láti ráńṣẹ́ ogun. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 1892, ìbọn Maxim ṣe iṣẹ́ rẹ̀ létí odò Yemọji nítòsí Ìmagbọn. Ní ọjọ́ kejì, Ìjẹ̀bú-Òde ṣubú.

N kò sí lára àwọn tí ń sọ pé ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ àwọn Ìjẹ̀bú rárá. Owó-bodè wọn ni àwọn ará òkè lára, ọ̀nà tí wọ́n ń tì sì mú ebi wọ ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọ ohunkóhun nípa ìjà. Ẹni tí ó bá jókòó sẹ́nu bodè lè di ọ̀kánjúwà. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà nínú ìtàn yìí tí mo fẹ́ kí a mú lọ́wọ́ dé orí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Èkíní ni pé ìjà lórí ẹni tí ó ni bodè kì í ṣe ìjà kékeré, nítorí ìjọba ńlá tìtorí rẹ̀ gbé ìbọn. Èkejì ni pé Erédò kò gba Ìjẹ̀bú sílẹ̀. Ohun ogun tí ó wá ní 1892 ti yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí àwọn tí wọ́n gbẹ́ yàrà náà mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ara wa bí ayọjúràn ṣe dé ojú kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1994, ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, HotWired, gbé àwọn ìpolówó àkọ́kọ́ jáde tí ó dúró sí òkè ojú-ewé bí pátákó tí a kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ìwọ̀nba ni, ó jókòó sí ààyè rẹ̀, ẹni tí ó bá wù ú a wò ó. Ní ọdún 1995, Brendan Eich ṣe èdè kan tí wọ́n ń pè ní JavaScript fún Netscape. Netscape yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, tí a ń pè ní bùráúsà. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó ni ojú-ewé kan ti lè pàṣẹ fún bùráúsà ẹni tí ó wá wò ó pé kí ó ṣí fèrèsé tuntun. Ẹ kíyè sí i pé níhìn-ín gan-an ni àgò ti parẹ́. Àlejò ni a wá ṣe lọ́dọ̀ ẹni náà, òun ni ó sì wá ń ṣílẹ̀kùn nínú ilé wa.

Ethan Zuckerman, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Tripod ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ni ó kọ́kọ́ lo agbára yìí fún ìpolówó. Òun fúnra rẹ̀ sọ ìtàn náà nínú ìwé ìròyìn The Atlantic ní oṣù kẹjọ ọdún 2014. Ilé-iṣẹ́ mọ́tò ńlá kan bínú nígbà tí ó rí ìpolówó rẹ̀ lórí ojú-ewé tí ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ létí àgbà sí. Zuckerman wá gbé ìpolówó náà kúrò lórí ojú-ewé, ó fi í sínú fèrèsé tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé onímọ́tò fọwọ́ sí ohun tí ó wà nínú ojú-ewé. Èrò rẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún díẹ̀, fèrèsé náà ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwọn mìíràn a sì lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ojú-ewé títí a ó fi pa á tán. Zuckerman tọrọ àforíjì. Mo yìn ín fún èyí, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá da omi síwájú ní ń gbà pé òun tẹ ilẹ̀ tútù. Ohun tí ó sọ tí ó wọ̀ mí lára jù ni pé ìdí gbogbo rẹ̀ ni pé a fẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọ̀fẹ́, a kò sì rí ọ̀nà mìíràn tí a ó fi bọ́ ọ ju ìpolówó lọ. Owó-bodè wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Àwa kàn kọ̀ láti san án lójú, wọ́n sì ń gbà á lẹ́yìn wa.

Bí a ṣe dá ayọjúràn dúró kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Opera ni ó kọ́kọ́ fi ohun ìdènà rẹ̀ sínú bùráúsà, ní nǹkan bí ọdún 2000. Mozilla tẹ̀lé e ní 2002. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2004, Microsoft fi í sínú Internet Explorer pẹ̀lú àtúnṣe ńlá tí wọ́n ṣe sí Windows XP. Lẹ́yìn èyí kò sí bùráúsà ńlá tí kò ní i. Ẹni tí ó bá rántí bí kàfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti rí ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ìbàdàn kí ọdún 2004 tó dé, tí ènìyàn a sanwó wákàtí kan, tí yóò sì lo ìdá mẹ́ta rẹ̀ láti máa pa fèrèsé tí kò ṣí, yóò mọ̀ pé ìgbàlà ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá tì mọ́ ẹnu ọ̀nà iwájú a máa yí lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí bùráúsà ti ń dènà fèrèsé, àwọn olùpolówó gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn kan rọ ètò kékeré tí yóò wọ inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú eré ìdárayá tàbí ohun ọ̀fẹ́ mìíràn, tí yóò sì máa polówó láti inú. Gator ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ìpolówó rẹ̀ a máa bo ojú ìwé ìròyìn onílé, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé ìwé ìròyìn ńlá, pẹ̀lú Washington Post, fi gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ní 2002. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí béèrè àyè lọ́wọ́ wa láti máa fi ìròyìn ránṣẹ́. Èyí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ni ó ń yọ púpọ̀ nínú wa lẹ́nu lónìí láìmọ ibi tí ó ti wá. Ènìyàn ṣí ojú-ewé kan, àpótí kékeré yọ lókè, ó ń béèrè bóyá kí òun máa fi ìròyìn ránṣẹ́. Ohun méjì ni a lè tẹ̀, Allow tàbí Block. Ọ̀pọ̀ ni ó ń tẹ Allow kí àpótí náà lè kúrò lójú wọn, wọn kò mọ̀ pé àgò gan-an ni wọ́n ti ké, àwọn sì ti dáhùn pé àgò yà. Láti ọjọ́ náà, bí bùráúsà bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ìpolówó owó èlé, oògùn, tẹ́tẹ́ àti ìkìlọ̀ èké pé kọ̀ǹpútà ń ṣàìsàn a máa yọ ní igun ojú rẹ̀. Ohun ìdènà tí a ṣe fún fèrèsé kò lè dá a dúró, nítorí onílé ni ó fún un láyè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, Firefox àti Chrome mú kí ìbéèrè yìí rẹlẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n àyè tí a ti fún wọn tẹ́lẹ̀ kò kúrò. Àfi kí ènìyàn wọ inú ètò bùráúsà rẹ̀, ní ibi tí wọ́n kọ Notifications sí, kí ó sì gba àyè náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣe é lórí kọ̀ǹpútà àbúrò mi obìnrin kan ní ọdún Àjíǹde tí ó kọjá. Mo bá ojúlé mọ́kànlélógójì níbẹ̀. Kò rántí ẹyọ kan nínú wọn.

Ìtàn ààbò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣáájú ti ìpolówó. Ní 1986, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ní Lahore ní Pakistan ṣe fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Brain, ó ń ràn láti orí dísíkì kan dé òmíràn. Wọ́n kọ orúkọ wọn, àdírẹ́sì wọn àti nọ́ńbà tẹlifóònù wọn sínú rẹ̀. Ìyẹn tilẹ̀ ké àgò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú yàrá ni ó ti ké e. Ní 4 oṣù karùn-ún ọdún 2000, lẹ́tà ìfẹ́ èké kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Manila ní Philippines ba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà jẹ́ kárí ayé. Ohun tí ó mú un wọlé kò ju pé ènìyàn fẹ́ mọ ẹni tí ó fẹ́ràn òun lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n mú kò fojú ba ẹjọ́, nítorí nígbà náà kò sí òfin ní ilẹ̀ náà tí ó ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Èyí tí ó sún mọ́ ọ̀ràn ẹ̀gbọ́n mi jù ni WannaCry. Ní 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, ó ti ìwé inú kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 200,000 ní nǹkan bí 150 orílẹ̀-èdè pa, ó ń béèrè owó kí ó tó ṣí wọn. Àwọn ilé ìwòsàn ní Ìlú Ọba dá aláìsàn padà lọ sílé. Ẹ sì gbọ́ èyí: Microsoft ti gbé àtúnṣe tí ó dí ihò náà jáde láti 14 oṣù kẹta ọdún kan náà, oṣù méjì ṣáájú. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri náà lanu, wọ́n po amọ̀, wọ́n gbé e síwájú onílé, onílé kò sì rẹ́ ẹ. Níhìn-ín ni Erédò ti padà wá sí mi lọ́kàn. Kì í ṣe pé odi kò sí.

Kí ni ó dé tí onílé kò fi rẹ́ ògiri rẹ̀? Àwọn tí ń kọ̀wé nípa rẹ̀ láti òkè òkun a máa sọ pé ọ̀lẹ ni tàbí àìmọ̀kan. Bí wọ́n bá gbé ní Ìbefún, wọn ì bá má sọ bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe kan lè jẹ dátà tí ènìyàn fi owó oúnjẹ rà. Ó lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná bá dé, kí iná sì lọ kí ó tó parí. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí a ń rà, púpọ̀ nínú wọn ni ó ń lo Windows ayédèrú tí ẹni tí ó tà á ti pa àtúnṣe rẹ̀ kí àṣírí má baà tú. Fíláàṣì kan ṣoṣo a sì máa lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ dé ilé ìtẹ̀wé, láti ilé ìtẹ̀wé dé ilé ìjọsìn, bí ìgbà tí gbogbo àdúgbò ń fi agbè kan mu omi. Kò sì yẹ kí n fi èyí pamọ́: ọmọ tiwa náà wà lára àwọn tí ń já ilẹ̀kùn onílé. Ẹsẹ 419 nínú ìwé òfin ọ̀daràn ilẹ̀ wa ti di orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pe jìbìtì. Òfin sì ti ń dé. A fọwọ́ sí òfin ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, ó sì di ẹ̀ṣẹ̀ láti wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ. Ní 2016, àjọ NCC pàṣẹ pé ẹni tí kò bá fẹ́ ìpolówó lórí fóònù rẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ náà STOP ránṣẹ́ sí 2442. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ẹni tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 sì fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kí wọ́n má ṣe lo ìsọfúnni rẹ̀ fún ìpolówó. Nínú gbogbo wọn, ti 2442 ni mo fẹ́ràn jù. Òun nìkan ni ìyá arúgbó lè lò láìmọ lọ́yà kankan.

Ẹ óò fẹ́ kí n sọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe nínú ilé rẹ̀. Èyí tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ni n óò sọ. Bí fèrèsé bá yọ tí ó ní kọ̀ǹpútà ń ṣàìsàn, irọ́ ni. Kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣàìsàn kì í fi nọ́ńbà tẹlifóònù ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ni ín. Kí ẹ má ṣe tẹ ohunkóhun nínú rẹ̀, kódà àmì tí ó dà bí èyí tí a fi ń pa á, nítorí àmì náà lè jẹ́ pańpẹ́. Ẹ di bọ́tìnnì Alt mú, kí ẹ tẹ F4, bùráúsà náà yóò sì pa. Bí ó bá kọ̀, ẹ pa kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kí ẹ tún un tàn. Àwọn ọmọ-ọmọ tí ń ṣeré lórí rẹ̀, ẹ fún wọn ní orúkọ ìwọlé tiwọn, èyí tí kò ní agbára láti fi ètò tuntun sínú rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìpolówó tí ń gbé inú kọ̀ǹpútà, inú eré ọ̀fẹ́ ni ó ti bá wọn wọlé. Láti ọdún 2012 ni Windows ti ní ohun ìjà tirẹ̀ sí fáírọ́ọ̀sì nínú, kò sí ìdí láti máa ra òmíràn lọ́wọ́ ẹni tí ó bá yọjú. Ṣùgbọ́n Microsoft ti dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Kí ẹni tí ó bá ṣì ń lò ó béèrè ohun tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó bá ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì wá láti ilé-iṣẹ́, ẹ yí i padà, nítorí ẹni tí ó bá ti ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí lè mọ̀ ọ́n.

Èyí tí ó jù nínú wọn ni ẹ̀dà. Ohun tí ènìyàn kò bá fẹ́ sunkún lé lórí, kí ó ní ẹ̀dà rẹ̀ méjì, kí ọ̀kan má sì sí lára kọ̀ǹpútà rárá. Àwọn tí ń ti ìwé pa fún owó a máa ti gbogbo ohun tí ó bá so mọ́ kọ̀ǹpútà náà pa lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan fíláàṣì tí a gbàgbé sára rẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé ọgbọ́n tí àwọn babańlá wa fi ń pín irúgbìn iṣu sí ọgbà méjì nìyí, bí iná bá jó ọ̀kan kí èkejì wà. Àwa òpìtàn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, àwa náà ni ó sì ń gbàgbé rẹ̀ jù. Mo mọ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi nínú yàrá yìí tí iṣẹ́ ogún ọdún wọn wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, n kò ní wo ibi tí wọ́n jókòó sí.

Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kò parun tán. Ní ọdún 2013 wọ́n ti tẹ ìtàn agbolé méje sórí bébà, wọ́n fi í fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì pé kí ó bá wọn ka àṣìṣe inú rẹ̀. Ẹni náà kò dá a padà, kò sì kà á. Inú àpótí aṣọ rẹ̀ ni a ti bá a lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀. Agbolé mọ́kàndínlógún ni wọ́n kọ ìtàn wọn. Nínú àwọn tí wọ́n sọ ìtàn méjìlá yòókù fún wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù láyé. Ìyá àgbà kan ni, wọ́n ti lé ní ẹni 90 ọdún, wọn a sì máa rántí dáadáa ní òwúrọ̀ ju ní ìrọ̀lẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ jókòó tì wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Wọ́n ké àgò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì tún mú bírò àti ìwé lọ́wọ́.